Àgbàrá ń kó ilẹ̀ oko gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ: níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

OlókoÌbàràpá

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin ará. Oko éékà méjì ni, lẹ́bàá Ẹ̀rúwà, ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ bá odò kékeré kan. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló wà níbẹ̀. Kátakátá ló kọ ebè rẹ̀, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ilẹ̀dú ojú rẹ̀ ti ń tán, òkúta wẹ́wẹ́ funfun ti ń yọ lápá òkè, yanrìn sì ń wọ́ jọ sí ìsàlẹ̀. Àgbàrá ti la ojú ọ̀nà méjì, ọ̀kan ti jìn dé orúnkún. Ajílẹ̀ NPK tí a dà síbẹ̀ kò hàn lára àgbàdo. Owó kátakátá míì kò sí. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀?

Ilẹ̀dú

Ẹ kú ìnáwó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ti máa jáde.

Láti Ìbàràpá dé Òkè-Ògùn, Ìbàdàn, Ọ̀ṣun títí dé Èkìtì, orí àpáta líle ni ilẹ̀ jókòó lé, gíránáìtì àti àwọn ìbátan rẹ̀. Bí omi àti ooru ṣe ń jẹ àpáta yìí díẹ̀díẹ̀, apá kan nínú rẹ̀ á rọ̀ di amọ̀. Irin inú rẹ̀ ló ń mú kí amọ̀ náà pọ́n. Ṣùgbọ́n kúọ́tsì, ìyẹn hóró funfun líle inú àpáta, kì í jẹrà, òun ló ń di yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ funfun tí ẹ ń rí. Ekòló àti ikán wá ń gbé iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná láti ìsàlẹ̀ wá sókè, wọn kì í lè gbé òkúta. Ìdí nìyẹn tí òkúta fi máa ń wà ní ìpele kan lábẹ́, tí ilẹ̀ tó ṣe é gbìn sì bò ó mọ́lẹ̀. Bí òkúta bá ti wá yọ sójú, ilẹ̀ tó bò ó ló ti lọ. Yanrìn tó jọ sí ìsàlẹ̀ yẹn, ara ilẹ̀ òkè ni. Èyí tó kúnná jù, tó sì lọ́ràá jù, ti bá odò lọ.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Mìlímítà kan péré lójú éékà kan jẹ́ bíi tọ́ọ̀nù márùn-ún ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni mìlímítà kan kò nípọn ju káàdì báǹkì lọ púpọ̀. Ojú kì í rí i nígbà tó bá ń lọ. Lórí hẹ́kítà ó tó tọ́ọ̀nù mẹ́tàlá. Ilẹ̀ tuntun tí àpáta ń dá lọ́dún lórí hẹ́kítà kì í sábà tó tọ́ọ̀nù kan. Òjò ńlá kan lè gbé ohun tí ọdún mẹ́wàá kò lè dá padà.

Ní ti NPK: amọ̀ ilẹ̀ wa kì í di ajílẹ̀ mú púpọ̀. Ilẹ̀dú, ìyẹn ewé àti gbòǹgbò tó ti jẹrà sínú sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, ni àká rẹ̀. Bí àká bá ti lọ, ajílẹ̀ tí ẹ bá dà á bá àgbàrá lọ tàbí kó rì kọjá gbòǹgbò. Ẹ má ra àpò míì lọ́dún yìí kí ẹ tó dá ilẹ̀ dúró.

Àǹtí Alákùrọ̀

Òótọ́ ni Ilẹ̀dú sọ. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta, kò sí èyí tó ń gba owó nínú wọn.

Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó 60 sẹ̀ǹtímítà lókè, láàárín àti nísàlẹ̀ oko. Ẹ wọn bí ilẹ̀ dúdú ṣe nípọn tó, ibi tí òkúta ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí amọ̀ pupa ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ mẹ́ta ni ẹ máa bá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tiẹ̀ fi orúkọ ìlú wa pè wọ́n: Ìwó tàbí Ẹ̀gbẹ́dá lápá òkè àti àárín, Àpòmù fún ilẹ̀ oníyanrìn tó wọ́ wá sí ìsàlẹ̀. Wọn kì í ṣe ilẹ̀ kan náà, ẹ má tọ́jú wọn bákan náà.

Èkejì, ẹ wá agolo tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 15 sẹ̀ǹtímítà, ẹ gé ìdí rẹ̀ kúrò. Ẹ fi pákó àti òòlù gbá a wọ ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Ẹ da omi 450 mìlílítà sí i, ẹ jẹ́ kó wọlẹ̀ tán, kí ẹ tún da 450 míì, kí ẹ wá wo aago. Ìgbà kejì yìí ni kí ẹ kà. Bí ó bá ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ilẹ̀ yín kò lè gba ju 50 mìlímítà lọ ní wákàtí kan. Òjò ìjì tiwa sì lè rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ̀lú agbára tó ju 100 mìlímítà fún wákàtí lọ. Gbogbo èyí tó bá ṣẹ́kù, àgbàrá ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo imí ekòló lẹ́yìn òjò. Bí kò bá sí rárá, kò sí oúnjẹ fún wọn nínú ilẹ̀ náà.

Bí ẹ bá fẹ́ àyẹ̀wò tó jinlẹ̀, IAR&T, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ń yẹ ilẹ̀ wò. Ẹ bu ilẹ̀ ní ojú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, ní jíjìn 0 sí 15 sẹ̀ǹtímítà, ẹ pò ó pọ̀ nínú ike tó mọ́, ẹ bu ààbọ̀ kílò, ẹ sá a níbòòji. Ti òkè lọ́tọ̀, ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má bù láti ibi tí wọ́n ti sun pàǹtí tàbí ibi tí màlúù ń sùn.

Ọkọ́àtiOkùn

Ìṣòro tó tóbi jù lọ́wọ́ yín ni ebè tó dojú kọ ìsàlẹ̀. Poro kọ̀ọ̀kan ti di gọ́tà. Ìdábùú ló yẹ kí ebè wà, ojú lásán kò sì lè yan ìdábùú náà fún yín. Ẹ kan férémù A, ìyẹn férémù onígi tó rí bíi lẹ́tà A, tí a fi ń wá ojú ilẹ̀ tó dọ́gba.

Igi méjì tó gùn mítà méjì-méjì, ọ̀kan tó tó 120 sẹ̀ǹtímítà fún ìdábùú rẹ̀, ìṣó, okùn tẹ́ẹ́rẹ́, òkúta kan. Ẹ kan orí igi méjèèjì pọ̀ kí ẹsẹ̀ wọn jìnnà sí ara wọn ní mítà méjì géérégé. Ẹ kan igi kẹta mọ́ àárín, ẹ so okùn mọ́ orí, kí òkúta rọ̀ kọjá igi ìdábùú díẹ̀.

Ẹ gbọ́dọ̀ wá ojú rẹ̀ kí ẹ tó lò ó. Ẹ gbé e dúró, ẹ fi èèkàn sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì wà, ẹ fa ìlà sí ibi tí okùn ti kan igi ìdábùú. Ẹ yí i padà kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sí ojú èèkàn òsì, ẹ tún fa ìlà. Àárín gbùngbùn ìlà méjèèjì ni ojú títẹ́jú. Bí ẹsẹ̀ kan bá tilẹ̀ gùn ju èkejì lọ, àárín náà kò ní tàn yín. Atẹ́gùn ló lè tàn yín, torí náà òwúrọ̀ ni kí ẹ ṣe é.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lápá òkè, létí oko. Ẹsẹ̀ kan lórí èèkàn, ẹ máa gbé ìkejì sókè sódò títí okùn yóò fi bọ́ sójú àmì, ẹ kan èèkàn, ẹ tẹ̀ síwájú. Nígbà tí ẹ bá dé òdì kejì, ẹ wo ìlà náà láti òkèèrè. Èèkàn tó bá yọrí jáde lójijì, ẹ sún un díẹ̀ kí ìlà lè rìn gẹẹrẹ.

Bí ìlà kan yóò ṣe jìnnà sí èkejì: ẹ na okùn mítà mẹ́wàá láti ilẹ̀ lókè, ẹ mú un tẹ́jú pẹ̀lú rọ́bà tó mọ́ gaara tí ẹ bu omi sí (ojú omi lẹ́nu rẹ̀ méjèèjì máa ń dọ́gba), ẹ wọn gíga rẹ̀ sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun. Bó bá jẹ́ ààbọ̀ mítà, 5% ni; bó bá jẹ́ mítà kan, 10% ni. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ máa wálẹ̀ ní mítà kan sí mítà kan ààbọ̀ láàárín ìlà méjì. Lórí 5%, ìyẹn jẹ́ 20 sí 30 mítà. Lórí 10%, 10 sí 15 mítà. Ebè yòókù á máa tẹ̀lé ìlà tó wà lókè rẹ̀.

Ẹ sì fi òkìtì ilẹ̀ kékeré, tí mo pè ní ìdí, dí poro ní mítà méjì-méjì. Kí ìdí náà ga tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ebè, kó má ga tó ebè. Bí omi bá kún, orí ìdí ni yóò gbà kọjá sínú poro tó kàn. Bí ìdí bá ga ju ebè lọ, ebè fúnra rẹ̀ ni omi yóò ya. Poro tó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, tí omi jìn nínú rẹ̀ ní 10, gùn mítà méjì, á gba 60 lítà. Bí ebè sí ebè bá jẹ́ 90 sẹ̀ǹtímítà, ó ti gba bíi 33 mìlímítà òjò sílẹ̀ nìyẹn.

AláìTúlẹ̀

Ọ̀gá Ọkọ́àtiOkùn, iṣẹ́ yín dára, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ kí ebè ṣáájú. Lórí ilẹ̀ oníyanrìn, ebè ìdábùú kan tó bá ya lójú ibi tó rẹlẹ̀ díẹ̀, gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á ya tẹ̀lé e. Àgbàrá tó jáde lẹ́ẹ̀kan náà á burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìbolẹ̀, ìyẹn koríko tàbí ewé tí a tẹ́ bo ilẹ̀, ni kó ṣáájú.

Ẹ wo ohun tí ẹ̀kán òjò ń ṣe. Ó bọ́ láti òkè, ó gbá ilẹ̀ ìhòòhò, hóró ilẹ̀ fọ́ túútúú. Èyí tó kúnná á dí ihò tẹ́ẹ́tẹ̀ẹ̀tẹ́ tí omi ń gbà wọlé, ojú ilẹ̀ á dì. Láti ìgbà yẹn lọ omi kò ríbi wọlé mọ́, kódà bí abẹ́ rẹ̀ bá gbẹ táútáú. Koríko tó bá tẹ́ lórí ilẹ̀ ló ń gba ìgbájú náà.

Wọ́n ti wọn èyí nílẹ̀ wa níbí. Onímọ̀ ilẹ̀ kan, Rattan Lal, tó ṣiṣẹ́ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé ní Ìbàdàn, láti 1970 sí 1987, tó sì gba ẹ̀bùn àgbáyé lórí oúnjẹ, World Food Prize, ní 2020, wọn omi àti ilẹ̀ tó ń ṣàn kúrò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ 1%, 5%, 10% àti 15%. Níbi tí ilẹ̀ wà níhòòhò, ó ń lọ rẹpẹtẹ. Níbi tí wọ́n ti fi tọ́ọ̀nù mẹ́rin sí mẹ́fà koríko gbígbẹ bo hẹ́kítà, tàbí tí wọ́n gbin àgbàdo láìtúlẹ̀ sínú ìyókù irè, èyí tó ń lọ kò tó nǹkan, kódà lórí 15%.

Tọ́ọ̀nù márùn-ún fún hẹ́kítà jẹ́ ààbọ̀ kílò koríko gbígbẹ fún mítà kan níbùú lóròó. Ẹ fi igi ṣe férémù mítà kan, ẹ wọn ààbọ̀ kílò sí i lẹ́ẹ̀kan, kí ojú yín mọ bó ṣe rí. Ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu bó ṣe pọ̀ tó. Éékà méjì yín á gba bíi tọ́ọ̀nù mẹ́rin. Pòròpórò àgbàdo inú oko kò ní tó, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ, koríko tí kò tíì so èso, àti ewé agúnmániyè kún un. Pòròpórò nìkan á jẹ́ kí àgbàdo pọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ ẹ́ á yá náítírójìn inú ilẹ̀ lò. Ewé agúnmániyè ń dá a padà, ṣùgbọ́n kíá ló ń jẹrà, kò lè dá bo ilẹ̀. Ẹ pò wọ́n pọ̀.

Ẹ má sun oko. Ẹ ṣán igbó, ẹ jẹ́ kó sùn síbi tó wà, ẹ fi àdá dá ihò gbin àgbàdo sí i láàárín.

Ọkọ́àtiOkùn

AláìTúlẹ̀, mo gbà fún àgbàdo. Ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀ tí kátakátá ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀gẹ́ kì í ta dáadáa nínú ilẹ̀ líle. Oṣù méjì sí mẹ́ta ló sì ń gbà kí ewé rẹ̀ tó bo ilẹ̀, gbogbo ìgbà yẹn ni òjò ń gbá a.

AláìTúlẹ̀

Ẹ tú ojú ibi tí igi ẹ̀gẹ́ máa wà nìkan, bíi 40 sẹ̀ǹtímítà yíká, ẹ má fọwọ́ kan àárín. Ẹ sì gbin ẹ̀gúsí sí àárín lọ́jọ́ kan náà tàbí kí ó ṣáájú, mítà kan sí mítà kan, hóró méjì sí mẹ́ta ní ihò kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ó ti tẹ́ bo ilẹ̀. Àwọn bàbá wa kò gbin ẹ̀gúsí sáàárín iṣu àti ẹ̀gẹ́ nítorí ọbẹ̀ nìkan.

ỌmọKétu

Mo kí yín láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ohun tó ran àgbẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ ní gúúsù lọ́dọ̀ wa ni mucuna, irúgbìn kan tó ń fà bí ẹ̀wà, láti ìparí àwọn ọdún 1980. Ó ń bo ilẹ̀, ó sì ń ṣẹ́gun ẹ̀kan.

Ìbátan yèrèpè ni, nítorí náà ẹ wo irúgbìn tí ẹ ń rà dáadáa. Irú èyí tí a ń gbìn kì í yúnni, irun èèpo rẹ̀ rọ̀. Ti inú igbó, ẹ má gbé e sún mọ́ oko. Ẹ má sì jẹ hóró rẹ̀ bí ẹ̀wà, oògùn kan wà nínú rẹ̀ tó ń dà ènìyàn láàmú.

Àgbàdo gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ ní ogójì sí ọjọ́ márùnlélógójì. Bí ẹ bá gbìn ín pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, á gun àgbàdo, á wọ́ ọ lulẹ̀. Àyè rẹ̀ jẹ́ 80 sí 40 sẹ̀ǹtímítà, kílò mẹ́wàá sí méjìlá fún éékà kan. Ní December sí January á kú fúnra rẹ̀, ewé rẹ̀ á tẹ́ sílẹ̀ nípọn. Ẹ gbin àgbàdo tó kàn sínú rẹ̀ láìsun ún. Ewu rẹ̀ ni iná ọ̀gbẹlẹ̀: ẹ ro àyíká oko mọ́ ní fífẹ̀ mítà márùn-ún kí November tó parí.

Ẹ má gbìn ín sínú ẹ̀gẹ́ tó ti dàgbà, á gùn ún pa.

OlókoÌbàràpá

Mo dúpẹ́ gan-an. Mo ti fi okùn wọ̀n ọ́n, ó wálẹ̀ ní 70 sẹ̀ǹtímítà lórí mítà mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n apá kan omi tó ń wọlé, láti ojú ọ̀nà òkè ni. Màlúù sì ń wọ oko lẹ́yìn ìkórè, wọ́n ń jẹ pòròpórò. Ojú àgbàrá méjèèjì ńkọ́?

Ògbófo

7% ni yẹn, kò burú. Omi tó ń ti ìta wọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo iṣẹ́ yòókù á bàjẹ́. Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.

Ẹ gbẹ́ kòtò ìyàgò sí etí òkè oko, 60 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀, 40 ní jíjìn, ẹ da ilẹ̀ rẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kòtò yìí kò gbọ́dọ̀ tẹ́jú pátápátá. Kó máa wálẹ̀ ní 0.5%, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà kan ní mítà méjì. Ẹ so pákó tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà kan mọ́ ẹsẹ̀ kan férémù A, ẹsẹ̀ yẹn ni kí ó wà níwájú níhà tí omi ń lọ. Bó bá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kòtò fúnra rẹ̀ á di ojú àgbàrá. Ibi tó máa tú sí gbọ́dọ̀ jẹ́ koríko tó hù dí. Ẹ má tú u sí oko aládùúgbò láìbá a sọ̀rọ̀.

Ní ti ojú àgbàrá, òkúta tàbí àpò yanrìn ni. Ẹ gbé ìdènà kéékèèké tí kò ga ju 50 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ gbẹ́ ẹ wọ etí méjèèjì ní 30 sí 50 sẹ̀ǹtímítà, kó má kàn jókòó lórí ilẹ̀ lásán. Kí àárín rẹ̀ rẹlẹ̀ ju etí lọ ní 15 sẹ̀ǹtímítà kí omi lè gba àárín kọjá. Bí àárín àti etí bá dọ́gba, omi á fi etí jẹun, ìdènà á dúró láàárín, ojú àgbàrá á sì fẹ̀ sí i. Ẹ to òkúta sísàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí omi ń bọ́ sí. Àyè láàárín ìdènà: ẹ fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ ojú àgbàrá pín gíga ìdènà. Lórí 5%, 50 sẹ̀ǹtímítà jẹ́ mítà mẹ́wàá. Lórí 10%, mítà márùn-ún. Orí ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ẹsẹ̀ ti òkè. Láti òkè ni kí ẹ ti máa kọ́ ọ wá sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá kún ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ gbin koríko síbẹ̀.

Gbogbo èyí, fún àgbàrá tó dé orúnkún ni. Irú èyí tó ń gbé ilé mì bíi ti Agulu-Nanka ní ìpínlẹ̀ Anambra, iṣẹ́ ẹnjiníà ni, àpò yanrìn kò lè dá a dúró.

Ọkọ́àtiOkùn

Lórí àwọn ìlà ìdábùú yẹn, ẹ gbin koríko tí wọ́n ń pè ní vetiver. Kì í so irúgbìn tó lè tàn kálẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ tààrà sísàlẹ̀, ó lè dé mítà mẹ́ta, kì í jà mọ́ irè lójú. Ẹ̀hù mẹ́ta ní ojú kan, 15 sẹ̀ǹtímítà sí ara wọn. Lórí 7%, ìlà yín á wà ní bíi mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Éékà méjì á gba nǹkan bí ìlà márùn-ún tó gùn ní 90 mítà, ìyẹn ojú 3,000. Owó ńlá nìyẹn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ra ìdì díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbìn ín sí nọ́sìrì lẹ́bàá odò, ẹ máa ya á. Ẹ má gbìn ín kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, May sí June ló dára. Bí àlàfo bá wà láàárín ìlà, ẹ dí i lọ́dún kan náà, torí ojú àlàfo yẹn ni gbogbo omi máa forí lé.

Àǹtí Alákùrọ̀

Màlúù: ẹ bá àwọn darandaran àti baálẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ìkórè tó parí. Lẹ́yìn náà, ẹ gún igi agúnmániyè yíká oko, gígùn mítà kan ààbọ̀, 30 sẹ̀ǹtímítà nínú ilẹ̀, 50 sí ara wọn, nígbà òjò. Igi tó nípọn tó àtàǹpàkò nìkan kì í sábà yè, ẹ mú èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń ṣọ́ oko, ewé rẹ̀ sì ni ìbolẹ̀ ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ má dí poro nísàlẹ̀ oko lẹ́bàá odò, ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń mu omi pẹ́, ẹ̀gẹ́ á jẹrà. Ẹ fi mítà mẹ́wàá etí odò sílẹ̀ fún koríko àti igi, ẹ má roko débẹ̀.

Ilẹ̀dú

Fún oko yín, bí mo ṣe máa tò ó nìyí. January: férémù A àti èèkàn. February: kòtò ìyàgò àti ìdènà inú ojú àgbàrá, kí òjò àkọ́kọ́ bá wọn nílẹ̀. March: ẹ tú ebè òkè-sí-ìsàlẹ̀ yẹn ká, ẹ tẹ́ ìbolẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti òkè níbi tí òkúta ti yọ. Bí koríko kò bá tó, ẹ bo ìdajì òkè dáadáa dípò kí ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ káàkiri. April: àgbàdo àti ẹ̀gúsí. Ìparí May: mucuna sínú àgbàdo, vetiver sójú ìlà. Ibi tí òkúta ti bo ilẹ̀ tán, ẹ má gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ fún ọdún méjì, mucuna nìkan ni kí ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan, ẹ rìn yí kòtò àti ìdènà wò lọ́jọ́ kan náà. Ihò tí ẹ bá fi ọkọ́ dí lọ́jọ́ yẹn kò ní gba àpò yanrìn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

OlókoÌbàràpá

Ẹ ṣeun gidigidi. Férémù là ń kàn lọ́la. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ibi tí a ti lè rí ẹ̀hù vetiver rà ní agbègbè Ìbàràpá tàbí Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ síbí kí àwọn yòókù náà lè rí i.